Owó tí Arsenal ná ní ọdún 2025: ṣé ó ti pọ̀ jù ni, àbí a kò mọ bí a ṣe ń kà á?

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà kọ pé:

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí ẹ jẹ́ olólùfẹ́ Arsenal, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí àsìkò káràkátà agbábọ́ọ̀lù ti parí lọ́dún 2025, mo sì fẹ́ kí a jọ fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí nígbà tí mo sọ ọ́ ní ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ṣàbó, ariwo ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹgbẹ́ wa ná owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn láàárín oṣù díẹ̀. A ra Zubimendi, Madueke, Gyökeres, Mosquera, Nørgaard, Kepa àti Eze, a sì tún yá Hincapié kún wọn. Owó tí a rí lórí àwọn tí a tà ní àsìkò kan náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Mo rántí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 tí a fi mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn ra Nicolas Pépé láti Lille. Owó náà ni ó pọ̀ jù lọ tí ẹgbẹ́ wa ti san rí títí di ìgbà yẹn, a sì jó lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ó di ọdún 2023, ọkùnrin yìí kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Tọ́kì láìsan kọ́bọ̀ fún wa. Èrò tèmi ni pé ẹgbẹ́ tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe kò gbọdọ̀ ná ju iye tí ó tà lọ. Bí mo bá ṣìnà, ẹ fi ọ̀nà hàn mí.

Ìyá Oníṣirò, Agric kọ pé:

Àbúrò mi, o ṣeun tí o gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ láìbínú. Ìwé ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, mo sì rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ra ni pé o da owó tí ó jáde lápò pọ̀ mọ́ owó tí a kọ sínú ìwé lọ́dọọdún. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì.

Jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ ìlọta ṣe àpẹẹrẹ. Bí obìnrin kan ní ọjà Ṣàbó bá ra ẹ̀rọ ìlọta ní ₦500,000, tí ó sì mọ̀ pé ọdún márùn-ún ni òun yóò fi lò ó, kò tọ́ kí ó sọ pé òun pàdánù ₦500,000 ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó wá sọ pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni òun ń lọ ata ní ọdún mẹ́rin tí ó kù. ₦100,000 ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún, yóò sì fi wé iye tí ó pa lórí ata ní ọdún náà. Bí ó bá ta ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ọdún méjì ní ₦200,000, ìwé rẹ̀ yóò sọ pé ₦300,000 ni ẹ̀rọ ṣì tọ́ sí, nítorí náà ó pàdánù ₦100,000 lójú ẹsẹ̀.

Bí a ṣe ń ka owó agbábọ́ọ̀lù gan-an nìyẹn. A pín iye tí a rà á sí iye ọdún tí ó wà nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni Pépé fọwọ́ sí, nítorí náà mílíọ̀nù 14.4 pọ́n-ùn ni ìwé ń gbé lọ́dọọdún. Nígbà tí ó lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ mílíọ̀nù 14.4, a kò sì rí ohunkóhun gbà fi dí i. Ìpàdánù ńlá ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n fi Declan Rice wé e. Mílíọ̀nù 100 ni a san fún West Ham ní ọdún 2023, pẹ̀lú mílíọ̀nù 5 tí ó lè tẹ̀lé e. Ọdún márùn-ún ni òun náà fọwọ́ sí. Mílíọ̀nù 20 lọ́dún ni, iye iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe fún wa ní àárín pápá, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀.

Nípa pé kí ẹgbẹ́ má ṣe ná ju iye tí ó tà lọ: owó ìtajà agbábọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni ó ń wọlé. Ìwé ọdún 2023/24 tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 616 pọ́n-ùn ni ó wọlé fún wọn, tí àdánù ọdún náà sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 17.7. Owó tẹlifíṣàn, tíkẹ́ẹ̀tì, onígbọ̀wọ́ aṣọ àti ìdíje Champions League ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni a kò fi sí nínú ìdíje yẹn, kí a tó padà síbẹ̀ ní ọdún 2023.

Ọ̀dọ́ Odógunyàn kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ti Pépé ṣe ìdíwọ́ fún wa. Ṣé ẹ rántí oṣù Kìíní ọdún 2025? Gabriel Jesus, atamátàsé wa, ṣèṣe ní orúnkún, a kò ra atamátàsé kankan. Oṣù Kejì, Havertz náà ṣèṣe. Merino, ọmọ àárín pápá, ni a fi ṣáájú. Mo yọ̀ nígbà tí ó gbá méjì sáwọ̀n Leicester, ṣùgbọ́n ipò kejì ni a tún parí sí, ẹ̀ẹ̀kẹta léraléra. Owó tí a kò ná ní oṣù yẹn, ẹ bá mi wá ibi tí a kọ ọ́ sí nínú ìwé.

Bàbá Ẹbúté kọ pé:

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n èmi mọ ìgbà tí kò jẹ́ pé a kọ̀ láti náwó. Owó ni kò sí.

Ní ọdún 2006 ni a kúrò ní Highbury lọ sí pápá tuntun tí ó gba mílíọ̀nù 390 pọ́n-ùn láti kọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ há. Ashley Cole lọ sí Chelsea ní ọdún yẹn gan-an. Adebayor àti Kolo Touré lọ sí Manchester City ní ọdún 2009. Fàbregas àti Nasri lọ ní ọdún 2011. Ní ọdún 2012, Van Persie tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ ní líìgì fún wa, a tà á fún Manchester United ní nǹkan bí mílíọ̀nù 24, ó sì bá wọn gba ife líìgì ní ọdún àkọ́kọ́ tí ó débẹ̀. Mo máa ń gun ọkọ̀ ojú omi láti Ẹbúté lọ sí ibi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó nígbà náà, ojú sì máa ń tì mí láti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ ti United jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀.

Láti ife FA ọdún 2005 títí di ti ọdún 2014, a kò gba ife kankan. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àkọ́bí mi nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó ti ń múra láti wọ yunifásítì kí ó tó parí. Nígbà tí a ra Özil ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ní mílíọ̀nù 42.5, mo sunkún. N kò sunkún nítorí Özil nìkan. Mo mọ̀ pé gbèsè pápá ti ń fúyẹ́ lọ́rùn wa ni.

Nítorí náà, Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà, ẹgbẹ́ tí ó ń tà ju bí ó ti ń rà lọ ni o ní kí a padà di. Mo ti gbé inú ilé yẹn rí. Kò dùn ún gbé.

Ọmọ Chelsea, Ìgbógbó kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ búlúù ni mo ń wọ̀. Ohun tí ìyá wa sọ nípa pípín owó sí ọdún àdéhùn, ẹgbẹ́ tiwa ni ó fi kọ́ gbogbo ayé. Nígbà tí Enzo Fernández dé láti Benfica ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ní mílíọ̀nù 106.8 pọ́n-ùn, ọdún mẹ́jọ àbọ̀ ni ó fọwọ́ sí. Bí a bá pín in, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 12.5 lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ ọdún márùn-ún ni, ìbá lé ní mílíọ̀nù 21. Mudryk náà fọwọ́ sí ọdún mẹ́jọ àbọ̀ ní oṣù kan náà. Ọgbọ́n ni mo pè é, n kò sì tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ife Conference League àti ife àgbáyé ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni a gbà ní ọdún 2025, a sì na PSG ní 3-0 nínú àṣekágbá ife àgbáyé náà.

Ìyá Oníṣirò, Agric kọ pé:

Mo kí yín kú oríire ife, ọmọ Ìgbógbó. Ṣùgbọ́n ẹ parí ìtàn náà fún wa. Ọgbọ́n yẹn ni ó mú kí UEFA, àjọ tí ó ń darí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, ṣe òfin ní ọdún 2023 pé bí àdéhùn tilẹ̀ gùn tó ọdún mẹ́wàá, ọdún márùn-ún péré ni a lè pín owó náà sí. Àwọn ẹgbẹ́ Premier League náà dìbò fún un ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Chelsea sì ta ilé ìtura méjì fún ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti olówó kan náà, wọ́n tún ta ikọ̀ obìnrin wọn lọ́nà kan náà, kí ìwé wọn lè gún régé. UEFA kò ka irú títà bẹ́ẹ̀ sí owó tí ó wọlé, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 31 yúróò lé wọn ní oṣù Keje ọdún 2025.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju ìtanràn lọ lójú mi. Àdéhùn ọdún mẹ́jọ túmọ̀ sí pé owó oṣù ọdún mẹ́jọ wà lọ́rùn yín. Bí ọmọ náà kò bá dára, ta ni yóò rà á, tí yóò tún san irú owó oṣù tí ẹ ń san? Ẹ̀rọ ìlọta tí ó bá bàjẹ́ kì í béèrè owó oṣù, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù tí ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ń béèrè.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà kọ pé:

Ìyá wa, ẹ ṣeun, ó ti ń yé mi. Bàbá Ẹbúté, ẹ má bínú sí mi, èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí Van Persie lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí a dá a dúró lọ́tọ̀. Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn tí Pépé dé ni a ta Alex Iwobi fún Everton. Ọmọ tiwa ni, kékeré ni ó ti wà ní Hale End, ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal. Ní ọdún 2024, a tún ta Emile Smith Rowe fún Fulham àti Eddie Nketiah fún Crystal Palace. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ tí a tọ́ nílé ni a ń tà láti fi ra ọmọ ẹlòmíràn? Ṣé ohun tí ó yẹ ká fi owó ṣe nìyí?

Ìyá Oníṣirò, Agric kọ pé:

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò kan náà, kò sì dùn ún sọ. Ọmọ tí a tọ́ nílé kò ní iye tí a rà á nínú ìwé. Òdo ni. Bí a bá tà á ní mílíọ̀nù 27, bí a ṣe gbà fún Smith Rowe kí a tó ka àfikún, gbogbo mílíọ̀nù 27 náà ni ó jẹ́ èrè ní ọdún yẹn. Owó Smith Rowe nìkan borí ohun tí ìwé ń gbé lórí Rice ní odindi ọdún kan, ó sì tún ṣẹ́kù. Òfin Premier League ní àsìkò yẹn sọ pé àdánù ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 105 lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Everton rú u, wọ́n gba àmì 10 lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Wọ́n dá mẹ́rin padà lẹ́yìn ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n tún gba méjì nígbà tí ó yá. Nottingham Forest pàdánù mẹ́rin. Olórí ẹgbẹ́ tí ẹ̀rù irú èyí bá ń bà yóò kọ́kọ́ wo ọmọ ilé, nítorí òun ni èrè rẹ̀ yára jù lọ.

Bí o bá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó tọ́, n ó sọ pé kò tọ́. Ibi tí òfin náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn, ó ń mú kí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù dà bí oko tí a ń gbin nǹkan sí fún títà.

Olùkọ́ Ìmọ̀ta kọ pé:

Mo ti ń kà yín láti àárọ̀. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí Iwobi, àmọ́ mo fẹ́ kí a rántí ẹni tí a kò tà. Bùkáyọ̀ Sàká dé Hale End ní ọmọ ọdún méje. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ sì ń dún lẹ́nu àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì bí orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn. Òdo ni òun náà nínú ìwé ìṣirò. Myles Lewis-Skelly náà òdo. Ebere Eze ní tirẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ní kí ó máa lọ. Mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn, láìka àfikún, ni a fi rà á padà lọ́wọ́ Crystal Palace ní ọdún 2025. Nínú gbogbo owó tí a ń pariwo lé lórí yìí, èyí ni ó yẹ kí ó dùn wá jù, nítorí ohun tí a ti ní lọ́wọ́ rí ni a fi owó rà.

Mo ń sọ èyí nítorí ìlú tiwa náà. Ikorodu City gòkè wá sí líìgì àgbà Nàìjíríà ní ọdún 2024, Onikan ni wọ́n sì ń lò bí ilé, kì í ṣe Ìkòròdú. Ẹ wo Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n gba ife líìgì ní ọdún 2025: ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn wà nítòsí wọn, wọ́n ń tọ́ ọmọ, wọ́n ń lò ó, wọ́n ń tà á. Àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìdí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìmọ̀ta kò ní ibi tí ẹnikẹ́ni yóò ti kọ òdo sí iwájú orúkọ wọn.

Ọ̀dọ́ Odógunyàn kọ pé:

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ìyá wa ní ìbéèrè kan péré. Nínú iye tí a fi ra agbábọ́ọ̀lù àti owó oṣù tí a ń san, èwo ni ó lè pa ẹgbẹ́?

Ìyá Oníṣirò, Agric kọ pé:

Owó oṣù ni. Ọ̀kan ni a mọ òpin rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti fọwọ́ sí i, èkejì ń jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 2023/24 tí mo mẹ́nu bà, nǹkan bí mílíọ̀nù 328 pọ́n-ùn ni Arsenal san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ju ìdajì gbogbo owó tí ó wọlé lọ. Ẹ rántí Özil tí Bàbá Ẹbúté sunkún ayọ̀ lé lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, àdéhùn tuntun tí a fún un tó ₤350,000 lọ́sẹ̀, bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe gbé e. Kó tó lọ sí Fenerbahçe ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ó ti lo oṣù gbọọrọ láì wọ pápá rárá, owó náà kò sì dúró. A kò san kọ́bọ̀ láti fi rà á ní ọdún 2018, síbẹ̀ bí ẹ bá ṣe ìṣirò ọdún mẹ́ta owó ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù 54. Kò sẹ́ni tí ó kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé Arsenal ná mílíọ̀nù 54.

Ìdí nìyẹn tí òfin UEFA fi wá ń ka owó oṣù, owó ìrà tí a pín sí ọdún àti owó àwọn alágbàtà pọ̀, tí ó sì sọ pé láti sáà 2025/26, àpapọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé lọ.

Bàbá Ẹbúté kọ pé:

Ìyá wa, ẹ ti ṣí mi lójú lórí Özil, bí ó tilẹ̀ dùn mí láti gbọ́. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà kò ní ààlà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ẹ sọ.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé lálẹ́ àná, mo sì pín owó ọdún 2025 sí ọdún márùn-ún bí ìyá wa ṣe kọ́ mi. Bí a bá pè é ní 250, ó di mílíọ̀nù 50 lọ́dún, lára ilé tí ó ń pa ju mílíọ̀nù 600 lọ. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù mọ́. Ohun tí mo ń wá kiri báyìí ni iye tí wọ́n ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, àti iye ọdún tí ó ṣẹ́kù nínú àdéhùn Sàká àti Saliba. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí pé kí a má ná ju iye tí a tà lọ. Lórí Iwobi, n kò yí i padà.